Níbo Ni Ẹ̀tù Ń Sùn?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2024, kí agogo tó lu mẹ́jọ, ìró ńlá kan dún ní Bódìjà Àtijọ́ ní ìlú Ìbàdàn. Ilé mì jìgìjìgì dé àwọn àdúgbò tí ó jìnnà réré sí ibẹ̀. Òrùlé ṣí, ògiri wó, gíláàsì fèrèsé fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí ń wa kùsà láìgba àṣẹ ni wọ́n ń gbé inú ọ̀kan nínú àwọn ilé àdúgbò náà, àwọn ni wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀, òun ni ó sì bú. Ìjọba kéde pé ènìyàn 77 ni ó fara pa. Àwọn tí ó kú sì di márùn-ún kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Kò sí ibi ìfọ́kúta ní Bódìjà Àtijọ́, kò sì sí kòtò ìwakùsà níbẹ̀. Ilé gbígbé ni ó wà níbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH kò sì jìnnà sí i. Ẹ̀tù tí ó bú láàrin àwọn ọlọ́mọ, òkúta ibòmíràn ni a rà á fún. Ibùsùn ni ó wá wá sí ìgboro. (Ẹ̀tù ni a ó máa pe gbogbo ohun abúgbàù tí a fi ń fọ́ òkúta nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ ìyá ni òun àti ẹ̀tù ìbọn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀.) Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ìlú tí ó ní ohun àlùmọ́nì nínú ilẹ̀ rẹ̀ máa bèèrè, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Komu dé Ìgbẹ́tì, kì í ṣe ta ni ó ń wa kùsà nìkan. Ìbéèrè náà ni pé: níbo ni ẹ̀tù ń sùn?

Ẹ̀KỌ́ INÚ KÒTÒ ÈÉDÚ

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀mí ara wọn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn tí ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe èédú igi tí àwọn ìyá wa fi ń dáná ni à ń wí. Òkúta dúdú tí ń jó ni, irú èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enúgu ní ọdún 1915. Lára òkúta yìí ni afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní mẹ́téènì ti ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ó bá kéré jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kì í bú. Bí ó bá sì pọ̀ jù, kì í bú. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà láàrin ìdá 5 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, iná bíńtín tó láti sọ gbogbo abẹ́ ilẹ̀ di iléru. Eruku èédú sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá ti gbiná, yóò máa jó lọ láti ihò kan dé èkejì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1906, irú iná bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ ní Courrières ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn 1,099 ni ó sì bá a lọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1907, àwọn tí ó lé ní 360 kú ní Monongah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tù ń fà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù wà lára àwọn ohun tí a kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹ̀tù dúdú, irú èyí tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn ìbílẹ̀, ni àwọn awakùsà àtijọ́ fi ń fọ́ èédú. Ọwọ́ iná rẹ̀ gùn, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Bí ó bá pàdé mẹ́téènì lọ́nà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kí ni àwọn ìjọba wọ̀nyẹn wá ṣe? Wọn kò sọ pé kí a má lo ẹ̀tù mọ́, nítorí ìlú wọn nílò èédú fún ọkọ̀ ojú irin, fún ọkọ̀ òkun, àti fún ilé iṣẹ́ gbogbo. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ìdánwò kalẹ̀ fún ẹ̀tù. Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ Bureau of Mines sílẹ̀ ní ọdún 1910, agbègbè Pittsburgh ni wọ́n sì ti ń dán ẹ̀tù wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, wá ń ṣe tiwọn ní Buxton.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn a gbé ọ̀pá irin ńlá kan kalẹ̀, tí ó gùn tí ó sì fẹ̀ bí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Wọn a fi mẹ́téènì àti afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Nígbà mìíràn wọn a da eruku èédú sí i. Lẹ́yìn èyí wọn a ki ẹ̀tù tí wọ́n fẹ́ dán wò sínú àgbá irin, wọn a fi ojú àgbá náà sí ọ̀pá, wọn a sì ti òkèèrè yìn ín. Bí afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá bá gbiná, ẹ̀tù náà kùnà. Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré; lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ oríire, ìdánwò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire. Èyí tí ó bá yege lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹ̀tù tí a fún ní àṣẹ. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ wọ kòtò èédú, bí ó ti wù kí wọ́n pọ́n lójú oníṣòwò tó. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí ó ń mú ẹ̀tù yege kò sì ju iyọ̀ lọ, iyọ̀ irú èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó lè bu omi pa ooru ọwọ́ iná rẹ̀.

Ìdánwò mìíràn sì tún wà. Wọn a sọ irin lé ẹ̀tù lórí láti mọ bí yóò ti ṣe bí nǹkan bá já lù ú. Wọn a fi nǹkan gbo ó. Wọn a tọ́jú rẹ̀ sínú ooru fún ọjọ́ pípẹ́, láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yóò yí padà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí: kì í ṣe inú kòtò nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n ń bẹ̀rù inú ọkọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù inú ilé ìpamọ́.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ KÌ Í SỌ ARA RẸ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò tètè mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ tí ó yege ìdánwò àṣejáde gba ìwé ẹ̀rí, ó sì yẹ kí a yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó sọ́wọ́ ẹgbẹ́ burúkú lẹ́yìn náà, ìwé ẹ̀rí tí ó wà nínú àpótí kò ní gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀tù. Èyí tí ó yege ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, tí a tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí òòrùn ń pa, òfo ni ìyege rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i kedere pé ìtọ́jú ni ohun gbogbo ni Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ẹni tí a ń fi owó rẹ̀ fúnni ní ẹ̀bùn tí Wọlé Ṣóyínká gbà ní ọdún 1986. Ní ọdún 1864, òróró abúgbàù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe bú ní ìlú Stockholm, ó sì pa Emil àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Nobel kò sinmi títí ó fi rí i pé bí a bá po òróró náà mọ́ irú erùpẹ̀ funfun kan, kì í tètè bínú mọ́. Èyí ni a ń pè ní dánámáìtì, ó sì gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1867. Síbẹ̀, bí dánámáìtì bá pẹ́ jù, tàbí tí a kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, òróró náà a tún máa jáde lára rẹ̀ bí òógùn, ewu àtijọ́ a sì padà dé. Ohun tí ọlọ́gbọ́n fi ọdún mẹ́ta dè, aláìbìkítà lè tú u nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ọ̀nà pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2020, ilẹ̀ lu kòtò ńlá ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ sì bàjẹ́. Gómìnà ìgbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, sọ pé ohun abúgbàù tí ọkọ̀ ń kó lọ sí ibi ìpamọ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni ó bú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2022, ọkọ̀ tí ó kó ẹ̀tù lọ sí ibi ìwakùsà wúrà ní orílẹ̀-èdè Gánà ko alùpùpù lójú ọ̀nà ní Appiatse. Ó bú, ó pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá, ó sì sọ abúlé náà di ahoro. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ kì í ṣe awakùsà. Ọ̀nà ni ẹ̀tù bá kọjá lẹ́nu ilé wọn.

ÌBÉÈRÈ TÍ A FI ÌBỌN BÈÈRÈ

A kò lè sọ̀rọ̀ èédú àti ẹ̀tù ní Nàìjíríà kí a má dárúkọ Iva Valley ní Enúgu. Ní oṣù Bélú ọdún 1949, àwọn awakùsà ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, wọ́n sì rọra ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀tù tí ó wà ní ibi ìwakùsà. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí yóò fi dá rúkèrúdò sílẹ̀. Wọ́n rán ọlọ́pàá pẹ̀lú ìbọn pé kí wọ́n lọ kó o. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Captain F. S. Philip, pàṣẹ pé kí a yìnbọn. Òṣìṣẹ́ 21 ni ó kú, 51 sì fara gbọgbẹ́.

Ìbànújẹ́ náà dé gbogbo ilẹ̀ yìí. Àwọn olóṣèlú tí kì í jókòó pọ̀ tẹ́lẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi Dókítà Akínọlá Májà ṣe alága rẹ̀. Ohun tí àwa rí kọ́ nínú rẹ̀ nìyí: kò sí ẹ̀tù tí ó bú lọ́jọ́ náà, ìbọn ni ó pa àwọn ènìyàn. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ibi tí ẹ̀tù ń sùn. Ṣùgbọ́n wọn kò pe àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, wọn kò ṣàlàyé fún wọn. Ìbọn ni wọ́n fi bèèrè. Ìbéèrè náà tọ́, ọ̀nà tí a gbà bèèrè rẹ̀ ni kò tọ́. Kí àwọn tí ó ń pariwo lónìí pé kí a kó ọlọ́pàá lọ lé gbogbo awakùsà kúrò nínú igbó Òkè-Ògùn rántí èyí.

ÒKÚTA TIWA

Kò sí kòtò èédú ní Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi òkúta jíǹkí wa. Mábù wà ní Ìgbẹ́tì. Òkúta olówó iyebíye wà ní agbègbè Komu ní Ìtẹ̀síwájú. Àpáta sì pọ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ kò ní ju ṣọ́bìrì àti òòlù lọ, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n sì ń wá. Bí àpáta bá le jù fún òòlù ni ìdánwò mìíràn dé, ìdánwò ọkàn: ẹnì kan yóò wá sọ fún wọn pé òun mọ ẹni tí ó ń ta ẹ̀tù láìbèèrè ìwé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti awakùsà nìkan. Ẹni tí ó ra ẹ̀tù ní ìkọ̀kọ̀ kò lè tọ́jú rẹ̀ ní gbangba. Inú ilé tí ó háyà ni yóò gbé e sí.

A kò sọ pé kí a fòfin de ẹ̀tù. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a fi ń ṣe títì, tí a fi ń kọ́ ilé ìwé àti afárá, ẹ̀tù ni ó máa ń bó o lára àpáta. A kò sì sọ pé kò sí òfin. Òfin nípa ohun abúgbàù ti wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960. Òfin ìwakùsà tí ó wà nílẹ̀, ọdún 2007 ni a ṣe é. Ẹni tí yóò rà á gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ẹni tí yóò yìn ín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a yẹ̀ wò tí a sì fún ní ìwé ẹ̀rí. Ìdánwò mẹ́ta nìyẹn lẹ́yìn ti ilé ìdánwò: ti ọwọ́, ti ibùsùn, àti ti ọjọ́ lílò.

Ibi tí ó ti ń dí ni pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ohun abúgbàù àti ohun àlùmọ́nì méjèèjì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Gómìnà kò lè fúnni ní àṣẹ ẹ̀tù, alága ìjọba ìbílẹ̀ kò lè fúnni, ọba kò lè fúnni. Ojú tí ó yẹ kí ó máa wò ó wà ní Àbújá àti ní ọ́fíìsì kan ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ̀tù sì lè wà nínú oko kan lẹ́yìn Ṣakí, nítòsí ẹnubodè Benin. Ẹni tí ó jìnnà ni ó ní àṣẹ, ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò kú.

Nítorí náà ni a fi ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà: bí ẹni tí ó ń wá ìbò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá dé ìlú yín, ẹ má ṣe bèèrè omi àti iná mànàmáná nìkan. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò jà kí ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọba àti ọlọ́pàá àdúgbò máa gba ẹ̀dà ìwé gbogbo ibi ìpamọ́ ẹ̀tù tí a fún ní àṣẹ ní agbègbè wọn. Ẹ bèèrè bóyá alábẹ̀wò yóò máa gbé ní Òkè-Ògùn, tí yóò máa ka ẹ̀tù tí ó wọlé àti èyí tí a lò, bí wolé-wolé ìjọ́un ti ń yọjú sí ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé láìkéde. Ẹ bèèrè bóyá a ó mú kí ìwé àṣẹ rọrùn fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí wọ́n lè máa pe ayìn-ẹ̀tù tí ó ní ìwé ẹ̀rí, dípò kí wọ́n máa rà á lábẹ́lẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí a kò ní láti dúró de Àbújá fún. Onílé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ayálégbé ń kó wọlé lóru. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Ní Bódìjà, ó ju àìsùn lọ. Gbogbo ibi ìfọ́kúta gbọ́dọ̀ máa kéde wákàtí tí yóò yin ẹ̀tù, kí ó fọn fèrè, kí ó ta àsíá pupa, kí àgbẹ̀ àti darandaran lè yà. Ẹ̀tù tí kò bú nínú ihò, kì í ṣe ti ẹni tí ó bá rí i. Ayìn-ẹ̀tù ni kí ó padà wá yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ sì ní iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè bá yín ṣe. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá rí páìpù irin kékeré kan tí okùn wáyà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹ̀bá ibi ìwakùsà, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má fi òkúta lù ú, kí wọ́n má gbé e wálé. Kí wọ́n rántí ibi tí ó wà, kí wọ́n sì pe àgbà.

Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀tù jẹ́ iná tí kò tí ì jí. Àwọn ará Europe àti Amẹ́ríkà kọ́ ilé ìdánwò fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò yẹ kí àwa tún dúró de irú owó ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá bi baálẹ̀ rẹ̀ lónìí pé níbo ni ẹ̀tù ń sùn ní ìlú yìí kò ṣe àfojúdi. Kí baálẹ̀ náà lè dá a lóhùn ni ó kù.